Bí a ṣe ń ṣètò iṣẹ́ orí wẹ́ẹ̀bù tí èsì rẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn

Bí ètò orí wẹ́ẹ̀bù tí ẹ ń kọ fún àwọn ahunṣọ òfì ní Ìlọrin bá ń gba iṣẹ́ láti ọ̀dọ̀ ètò aláṣọ kan ní Ọ̀fà, ẹ má ṣe jẹ́ kí ti Ọ̀fà dúró de èsì tí yóò gba ọjọ́ mélòó kan. Ẹ kọ́kọ́ tọ́jú ìbéèrè náà síbi tí kò ti ní sọnù, kí ẹ tó fi kóòdù 202 ti HTTP (ìlànà tí àwọn ètò orí wẹ́ẹ̀bù fi ń bára wọn sọ̀rọ̀) dáhùn pẹ̀lú nọ́ńbà ìdánimọ̀ kan; ohun tí 202 ń sọ ni pé a ti gba iṣẹ́, kì í ṣe pé a ti parí rẹ̀, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà.

Aláṣọ yóò ti kọ àdírẹ́sì tí ó fẹ́ gba èsì sí sínú ìbéèrè rẹ̀. Bí iṣẹ́ bá parí, ẹ fi POST, ìyẹn àṣẹ HTTP tí a fi ń fi dátà ránṣẹ́, gbé èsì lọ síbẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà yẹn kan náà. Bí iná bá lọ lọ́hùn-ún (ó sì máa ń lọ), tí wọn kò dáhùn, ẹ tún un rán, kí àlàfo àárín ìgbìyànjú kọ̀ọ̀kan máa gùn sí i. Nítorí èyí, èsì kan náà lè dé lẹ́ẹ̀mejì, nítorí náà ẹni tó ń gbà á gbọ́dọ̀ yẹ nọ́ńbà wò kí ó má baà sanwó lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ fi HMAC, ìyẹn àmì ìdánilójú tí a fi kọ́kọ́rọ́ àṣírí tí ẹ̀yin méjèèjì jọ mọ̀ ṣírò, buwọ́ lu èsì kọ̀ọ̀kan, kí ayédèrú má baà ráyè wọlé.