Bí mo ṣe ń kọ́ ọmọdé ní ijó bàtá n'Íjẹ̀bú-Òde

Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń jó lórí ìtàgé kí n tó di olùkọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ kọ́ ọmọdé ní bàtá, etí wọn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kọ́, kì í ṣe ẹsẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jókòó ti onílù, kí wọ́n máa pàtẹ́wọ́ tẹ̀ lé omele, ìyẹn ìlù kékeré, títí ọwọ́ wọn ò fi ní ṣì mọ́. Ìyáàlù, ìlù ńlá, ló ń sọ̀rọ̀, ó sì lè yí ohùn padà nígbàkigbà. Omele ni kì í jẹ́ kí ijó tú.

Lẹ́yìn náà, kí wọ́n bọ́ bàtà. Kí orúnkún tẹ̀ díẹ̀, kí àyà tẹ̀ síwájú. Ọmọ tó bá dúró gbọnrangandan, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pariwo mọ́ ọn. Ẹ dúró síwájú rẹ̀, kẹ́ ẹ tẹ orúnkún tiyín kó rí i. Èjìká ló máa ń pẹ́ jù: mo máa ń rọra gbé ọwọ́ lé e, kí ọmọ náà fúnra rẹ̀ mọ̀ bóyá èjìká ló ń mì àbí ọrùn.

Tí ọdún Ojúde Ọba n'Íjẹ̀bú-Òde bá ti ń sún mọ́, àwọn òbí á ní kí n kọ́ àwọn ọmọ wọn ní ijó rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ìyẹn ijó àwọn ẹgbẹ́ ọlọ́jọ́-orí kan náà. Ìyẹn ò le, ìrìn ẹ̀yẹ ló pọ̀ níbẹ̀. Àmọ́ ẹ má kọ́ wọn lórí simẹ́ńtì lọ́sàn-án gangan. Àárọ̀ tàbí ìrọ̀lẹ́ ni kẹ́ ẹ lò.