Mo pààrọ̀ háàdì PS4 mi fúnra mi, ẹ gbọ́ bí mo ṣe ṣe é

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní PS4, ẹ̀rọ géèmù PlayStation 4, tó ti ń wọ́lẹ̀, tẹ́ ẹ bá sì gbọ́ iye tí wọ́n ń ta PS5 òòyì á máa kọ́ yín, ẹ sinmi ná. PS4 Slim lèmi ń lò, irú èyí tí Sony gbé jáde ní 2016, tòkunbọ̀ ni, háàdì 500GB, ìyẹn ibi tó ń kó géèmù sí, ló wà nínú ẹ̀. Nígbà tó pẹ́, tí mo bá tẹ Red Dead Redemption 2 báyìí, mo lè jáde lọ pọnmi kí n tún padà wá bá a níbi tó ti ń yí. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá bọ̀ọ̀dá kan tó ń tún géèmù ṣe ní Challenge, ní Ìlọrin níbí, ó ní "Alfa, iṣẹ́ ńlá nìyẹn o," ó wá pe owó kan, mo rẹ́rìn-ín, mo dúpẹ́, mo bá tèmi lọ. Kì í ṣe iṣẹ́ ńlá rárá. Àwọn tó ṣe PS4 gan-an mọ̀ pé èèyàn lè fẹ́ pààrọ̀ háàdì, wọ́n ti fi àyè ẹ̀ síbi tọ́wọ́ máa tó o láìtú gbogbo ẹ̀ palẹ̀.

SSD 1TB ni mo rà, irú háàdì tó yára ju ti àtijọ́ lọ. Tẹ́ ẹ bá dé ọjà, ẹ sọ pé ti láptọ́ọ̀pù lẹ fẹ́, 2.5 inch, kó má nípọn ju 9.5mm lọ. Èyí tó rí pẹlẹbẹ tóóró tí wọ́n ń pè ní M.2, PS5 ló ni ín, kò sí ibi tó máa wọ̀ lára PS4. Ní ọ̀nà Táíwò wọ́n ń tà á dáadáa, àmọ́ ẹ lajú yín o, ayédèrú wà níta: wọ́n á kọ 2TB gàdàgbà sára ẹ̀, inú ẹ̀ ò sì ju ti fuláàṣì kékeré lọ. Kí n tó fi tèmi síbikíbi, láptọ́ọ̀pù àbúrò mi ni mo kọ́kọ́ fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ètò kọ̀ǹpútà kan wà tó ń jẹ́ H2testw, ọ̀fẹ́ ni, ó máa kọ nǹkan kún háàdì náà dẹ́nu, á tún kà á padà látòkèdélẹ̀, tí irọ́ bá wà níbẹ̀ á tú. Ó máa ń pẹ́, mo fi í sílẹ̀ lọ sùn ni.

Kẹ́ ẹ tó tú ohunkóhun, ẹ kó ibi tẹ́ ẹ gbá géèmù yín dé pamọ́. Ẹ wọ Settings, ẹ wá Application Saved Data Management, ẹ kó gbogbo ẹ̀ sórí fuláàṣì. Trophy, àmì ẹ̀yẹ tí géèmù ń fúnni, ò sí nínú ìyẹn o, àfi kẹ́ ẹ wọ íntánẹ́ẹ̀tì kẹ́ ẹ jẹ́ kó bá àkáǹtì yín dọ́gba, torí ẹni tó bá ti forí ṣe forí ṣọrùn gba platinum, trophy tó ga jù, tó wá jẹ́ kó bá háàdì àtijọ́ lọ, á sunkún.

Lẹ́yìn ìyẹn ló kan fáìlì tó máa gbé ẹ̀mí sínú SSD tuntun náà, torí òfìfo ni. Ojú ìwé PlayStation fúnra wọn ni mo ti dáńlóòdù ẹ̀. Méjì ló wà níbẹ̀, orúkọ kan náà làwọn méjèèjì ń jẹ́, PS4UPDATE.PUP, ìyẹn ló ń da ọ̀pọ̀ èèyàn rú. Èyí tó kéré, àpdéètì lásán ni, kò lè ṣiṣẹ́ lórí háàdì tuntun. Èyí tó ju 1GB lọ lẹ máa mú, ibi tí wọ́n bá ti kọ "reinstall" sí ni. Lórí fuláàṣì, ẹ ṣí fódà kan kẹ́ ẹ pè é ní PS4, ẹ ṣí òmíràn sínú ẹ̀ kẹ́ ẹ pè é ní UPDATE, lẹ́tà ńlá ni gbogbo ẹ̀, ẹ wá fi fáìlì náà síbẹ̀. FAT32 tàbí exFAT ni kẹ́ ẹ fọ́máàtì fuláàṣì yẹn sí.

Ó wá ku títú. Ẹ pa á pátá, kì í ṣe rest mode tó kàn ń sùn, ẹ yọ gbogbo wáyà. Ìdérí kékeré kan wà nígun ẹ̀yìn Slim, ẹ fà á, á yọ. Nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo lẹ máa rí níbẹ̀, tẹ́ ẹ bá sì wò ó dáadáa, wọ́n fín àmì mẹ́rin orí páàdì sórí ẹ̀, triangle, circle, X àti square, lórí nọ́ọ̀tì tí kò tó èékánná ìka kékeré o! Inú mi dùn sí i ju bó ṣe yẹ lọ. Bí mo ṣe tú u tí mo fa páálí irin inú ẹ̀ jáde báyìí, eruku ọyẹ́ ló kọ́kọ́ kí mi káàbọ̀, pupa ràkọ̀ràkọ̀, eruku Ìlọrin ojúlówó. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì tí wọ́n fi ń kun ilé, èyí tó gbẹ tó sì rọ̀, gbọ̀n ọ́n kúrò pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Nọ́ọ̀tì mẹ́rin ló de háàdì mọ́ irin náà, rọ́bà róbótó-róbótó sì wà láàárín wọn, ẹ má jẹ́ kí rọ́bà yẹn já bọ́. Ẹ kó SSD síbẹ̀, ẹ de nọ́ọ̀tì náà kó ṣáà ti dúró, ẹ má fi agbára dè é, ẹ tì í padà.

Ẹ fi kébù so páàdì mọ́ ọn, ẹ fi fuláàṣì sí i, ẹ di bọ́tìnì iná mú títí á fi dún lẹ́ẹ̀kejì, bíi ìṣẹ́jú-àáyá méje, ẹ wá jọ̀wọ́ ẹ̀. Safe mode, ibi tí wọ́n ti ń tún PS4 ṣe, ló máa ṣí. Nọ́ńbà 7 lẹ máa mú, Initialize PS4, èyí tí wọ́n kọ Reinstall System Software sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Àsìkò yìí ni iná ò gbọdọ̀ lọ rárá o. Èmi ò fọkàn tán iná àdúgbò wa ní Tanke, ìnfátà ni mo fi gbé e.

Ìgbà tó wá kan kíkó géèmù padà ni mo tún rí i pé síídì lọ̀gá. Gbogbo géèmù tí mo ní lórí síídì, mo kàn ń tì wọ́n bọ inú ẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo ń jẹ wàrà mi. Red Dead 2 àti The Last of Us Part II, síídì méjì-méjì ni wọ́n, torí síídì Blu-ray tí PS4 ń kà ò lè gbà ju 50GB lọ, ọ̀kan á kó ẹrù, ìkejì lẹ máa fi gbá a. Ẹni tó dáńlóòdù ìwọ̀nyẹn, dátà tó jó àkọ́kọ́ ló tún máa jó báyìí. Ká má sì gbàgbé pé àkáǹtì gan-an wàhálà ni: ìgbà tí mo ń ṣí tèmi, mi ò rí Nàìjíríà nínú orílẹ̀-èdè tí wọ́n tò, UK ni mo mú, gift card UK nìkan ló sì lè wọ̀ ọ́. Síídì ní tiẹ̀, tó bá sú mi màá tà á, tàbí kí n fi ṣe pàṣípààrọ̀ pẹ̀lú ọ̀rẹ́ mi ará Ọ̀fà tó máa ń wá lópin ọ̀sẹ̀. Ìyẹn, tí mo bá ti na án ní FC, géèmù bọ́ọ̀lù yẹn, báyìí, á ká ọwọ́ ṣẹ́ẹ̀tì sókè, á ní "ìjàkadì lorò Ọ̀fà, ká tún un ṣe."

Ní Amẹ́ríkà gan-an, ìpínlẹ̀ California ṣòfin ní 2024 pé ẹni tó bá ń ta nǹkan orí íntánẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ là á yé oníbàárà pé àyè láti lò ó ló ń rà, kì í ṣe nǹkan náà gan-an. Wọ́n kúkú ti yọ P.T., géèmù ẹlẹ́rù kékeré kan, kúrò lórí PlayStation Store ní 2015, ẹni tí ò tíì dáńlóòdù ẹ̀ nígbà yẹn, ó di àwátì. Àmọ́ kí n má parọ́, síídì náà ò yọni nínú gbogbo ewu. The Crew ti Ubisoft, géèmù eré ọkọ̀, àfi kéèyàn wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì kó tó gbá a, bí wọ́n ṣe pa sáfà ẹ̀ lópin oṣù kẹta 2024, àtẹni tó ní síídì àtẹni tó dáńlóòdù, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Èmi ò kí ń ra géèmù tí èèyàn kan ṣoṣo ń gbá tó tún ní kí n máa wá íntánẹ́ẹ̀tì.

Àwọn kéékèèké nìkan ni mò ń dáńlóòdù láìwẹ̀yìn. Celeste, Hollow Knight, dátà tí wọ́n ń jẹ ò tó nǹkan, ìgbádùn inú wọn sì ju ti àwọn abara-bí-erin míì lọ. Hollow Knight yẹn, èèyàn ìwọ̀nba ló ṣe é ní Australia, ilẹ̀ inú ẹ̀ sì fẹ̀ débi pé mo ṣì ń sọnù níbẹ̀ títí di ìsinsìnyí.

Ṣé SSD náà wá ṣiṣẹ́? Ó ṣiṣẹ́. Red Dead ń yára ṣí, menu ò dì mọ́, tí wọ́n bá pa mí nínú géèmù mi ò ní dúró pẹ́ kí n tó jí. Àmọ́ àwòrán ò dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, èyí tó bá sì ń já tẹ́lẹ̀ nígbà tí ìjà bá le ṣì ń já, torí háàdì kọ́ ló ń ya àwòrán. Kò sì ní sáré bíi ti PS5, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni tàn yín.

Háàdì àtijọ́, ẹ má jù ú nù. Mo ra ilé ẹ̀, èyí tó ní USB 3.0, mo fọ́máàtì ẹ̀ bí extended storage, ibi ìkópamọ́ àfikún, lára PS4 náà, ó kéré tán 250GB ni wọ́n ń gbà fún ìyẹn. Àwọn géèmù bọ́ọ̀lù wà lórí ẹ̀ báyìí, PES 2021 tàwọn àbúrò mi ò jẹ́ kí n pa rẹ́ náà wà níbẹ̀. Ẹ ṣáà so ó mọ́ ara PS4 tààrà, tẹ́ ẹ bá gba inú USB hub, èyí tó ń sọ ojú USB kan di púpọ̀, kò ní dá a mọ̀.