Ẹ Lóṣòó Ti Ìwé Ìtàn Yín

Aṣọ ni mo ń rán nílùú Iléṣà, ṣọ́ọ̀bù mi kò jìnnà sí ọjà Àtàkúnmọ̀sà. Mo ní ọmọ mẹ́ta, ọmọ iṣẹ́ méjì, ìyá ọkọ mi sì ń gbé lọ́dọ̀ wa. Mo sọ èyí kí ẹ má baà rò pé ẹni tó ráyè ló ń gbà yín nímọ̀ràn. Inú rúkèrúdò yìí ni mo ti kọ ìwé ìtàn àròsọ kan dé òpin. Àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ ni o, èyí tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbọdọ̀ rí.

Ẹ kọ́kọ́ ṣírò rẹ̀ bí ẹni ń ṣírò aṣọ ẹbí. Ìwé ìkọ̀wé tó ní ewé 60 ni mo lò. Ojú kan ni mo ń kọ lára ewé kọ̀ọ̀kan, mo fi òdìkejì sílẹ̀ fún ohun tí mo bá rántí lẹ́yìn. Pẹ̀lú bí ọwọ́ mi ṣe rí, nǹkan bí 150 ọ̀rọ̀ ló ń wọ ojú ewé kan. Ìwé kan á gba 9,000, márùn-ún á gba 45,000, ìyẹn sì tó ìwé ìtàn. Ojú ewé méjì lójúmọ́, ọjọ́ 150. Èmi lo oṣù mẹ́sàn-án ṣáá, torí pé ọmọ ṣàìsàn, èmi náà ṣàìsàn.

Àkókò wo? Mo gbìyànjú alẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Wọ́n á mú iná lọ, ẹ̀fọn á dé, ìyá ọkọ mi á ní, “Ìyàwó, kí lò ń kọ tó báyìí? Ṣé orúkọ àwọn tó jẹ ọ́ lówó ni?” Mo bá sún un sí ìdájí, kí aago márùn-ún tó lù, kí ẹnikẹ́ni tó béèrè omi ìwẹ̀.

Àwàdà ni Màmá ń ṣe, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wọn ló ràn mí lọ́wọ́. Òṣómàáló ni wọ́n ń pe àwa Ìjẹ̀ṣà. Àwọn baba wa a máa kiri aṣọ láti ìlú dé ìlú, wọ́n á tà á láwìn. Bí ọjọ́ owó bá pé, wọ́n á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè: òṣó ni màá ló títí màá fi gbowó mi. Bí ẹ ṣe máa gba ojú ewé méjì yín nìyẹn. Bí ọ̀rọ̀ kò bá wá, ẹ má dìde, ẹ má sì fọwọ́ kan fóònù. Mo ti jókòó fún ogún ìṣẹ́jú rí kí n tó rí “Òjò dá.” Mo gbà á bẹ́ẹ̀. Onígbèsè tó san náírà márùn-ún ṣáà ti san nǹkan.

Ẹ má tú u. Ibí ni ọ̀pọ̀ ìwé ń kú sí. Bí mo bá gé aṣọ tán, abẹ́rẹ́ ọwọ́ ni mo kọ́kọ́ fi ń rán an ní gbẹ̀fẹ́, kí n lè wò ó lára oníbàárà. Ẹni tó bá ń rán apá kan, tó ń tú u, tó tún ń rán an, ìgbà wo ló máa dé ọrùn? Fọlákẹ́ ni ìyálé ń jẹ́ nínú orí kẹta ìwé mi. Nígbà tó di orí kẹfà, mo rí i pé Àdùkẹ́ ló bá a mu. N ò padà sẹ́yìn. Mo kọ ọ́ sí òdìkejì ewé, “Láti ibí lọ, Àdùkẹ́ ni,” mo ń bá tèmi lọ. Bàbá kan tilẹ̀ kú nínú orí karùn-ún tó tún ń jẹ iyán nínú orí kẹsàn-án. Kó máa jẹun ná.

Ti àmì ohùn ńkọ́? Mo ní n ò ní fi ìkankan sí i kí ọwọ́ mi lè yá. Lẹ́yìn oṣù méjì ni mo bá “O gbe oko re jade” pàdé. Ṣé ọkọ́ ni àbí ọkọ̀? Obìnrin ọ̀hún kúkú lágbára, ó lè jẹ́ ọkọ rẹ̀ gan-an ló gbé. Ẹ fi àmì sí ọ̀rọ̀ tó bá lè ṣì yín lọ́nà, kí ìyókù di ìgbà àtúnkọ.

Ẹ máa ya fọ́tò ohun tí ẹ bá kọ lójoojúmọ́, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ara yín lórí WhatsApp. Ọmọ iṣẹ́ mi kékeré ya ewé mẹ́ta láàárín ìwé kejì, ó fi gé pátánì kọ́là. “Ẹ má bínú, Àǹtí, mo rò pé ìwé àtijọ́ ni.” Ẹyọ kan ni mo rí padà, ó ti rí bí ìdajì òṣùpá.

Ní oṣù Kejìlá, nígbà Ìwúdè, ọdún àwa Ìjẹ̀ṣà, àti Kérésì, gbólóhùn kan lóòjọ́ ni mo gbà lọ́wọ́ ara mi. Bí ìyẹn bá kéré lójú yín, díẹ̀díẹ̀ ni I. B. Thomas náà ń tẹ ìtàn Ṣẹ̀gilọlá jáde bíi lẹ́tà nínú Akéde Èkó, láti 1929 wọ 1930, òun kan náà ló sì ń ṣe olóòtú ìwé ìròyìn ọ̀hún.

Àárọ̀ Sátidé kan ni mo kọ gbólóhùn tó kẹ́yìn. N ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo fi rọ́bà di ìwé márààrún pọ̀, mo gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù, mo tì í sí ìsàlẹ̀ àpò Ghana-must-go, lábẹ́ aṣọ àwọn oníbàárà tí kò wá gba aṣọ wọn. Oṣù kan gbáko ni kí ẹ fi sílẹ̀ kí ẹ tó tún un kà. Tèmi ṣì ku ọjọ́ mọ́kànlá.