Bí A Ṣe Ń Bá Àwọn Ará Ìjọ Lọ Síbi Ijó Aláṣọ Àkànṣe

Ijó aláṣọ àkànṣe ni ijó tí àwọn tó pe àpèjọ ti sọ irú ìmúra tí wọ́n fẹ́ tẹ́lẹ̀: aṣọ ìgbà kan, àwọ̀ kan ṣoṣo, tàbí ìbòjú. Ohun tó máa ń ba irú òde bẹ́ẹ̀ jẹ́ jù ni kí èèyàn múra fún fọ́tò, kó gbàgbé pé ijó lòun fẹ́ lọ jó. Èkejì ni kí ọ̀rẹ́ mẹ́fà jọ wọlé, kí méjì nínú wọn jókòó ti ògiri títí ilẹ̀ á fi ṣú pátá. Àtilé la ti ń dènà méjèèjì.

Ẹ ka ìwé ìpè náà dé ìparí

Bí wọ́n bá kọ "àwọn ọdún 1920", kì í ṣe aṣọ àtijọ́ èyíkéyìí ni wọ́n ń wí. Ẹ béèrè irú ijó tí wọ́n máa jó, bóyá ẹni tí yóò máa kọ́ni máa wà níbẹ̀, bóyá ẹ lè mú àlejò dání, àti ìgbà tí yóò parí. Tó bá jẹ́ ijó oníbòjú ni, ẹ yan èyí tí kò bo imú àti ẹnu, torí ẹ máa mí gidi.

Lẹ́yìn náà, ẹ bá ara yín sọ òótọ́. Dáfídì jó níwájú àpótí ẹ̀rí, ìjọ tó ń jó sì pọ̀, ṣùgbọ́n àwọn ìjọ kan wà tí kò fẹ́ kí ọkùnrin àti obìnrin di ara wọn mú jó. Bí ọ̀kan nínú yín bá ní ọkàn òun kò gbà á, ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ má sì fà á lápá. Ó lè jó èyí tí oníkálùkù ń dá jó lórí ìlà, ó sì lè ní òun ò wá rárá. Ọ̀rẹ́ yín ṣì ni.

Àmì kan tó hàn ti tó

Kò di dandan kí ẹ ra aṣọ tuntun. Ìgbà kọ̀ọ̀kan ní ohun tí ojú fi ń dá a mọ̀. Ti àwọn ọdún 1920 ni aṣọ obìnrin tó lọ gbọọrọ, tí ìbàdí rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, pẹ̀lú ìlẹ̀kẹ̀ gígùn àti ọ̀já orí; ọkùnrin á wọ wésíkóòtì àti táì onílabalábá. Ti àwọn ọdún 1950 ni síkẹ́ẹ̀tì tó ṣí bí agboòrùn, tàbí jíìnsì tí wọ́n ká lẹ́sẹ̀ pẹ̀lú tíṣẹ́ẹ̀tì funfun. Ti àwọn ọdún 1970 ni ṣòkòtò tó fẹ̀ láti orúnkún wálẹ̀, ṣẹ́ẹ̀tì tí kọ́là rẹ̀ gùn ṣọnṣọ, àti aṣọ dídán. Bí ẹ bá ti ní ọ̀kan nínú wọn, aṣọ tó wà nílé lè ṣe ìyókù.

Tí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ẹgbẹ́ kan náà ni yín, ẹ yan ohun kékeré kan, bí ìborùn tàbí táì aláwọ̀ kan. Ẹni tí owó rẹ̀ kéré jù nínú yín ni kí ẹ fi ṣe òṣùwọ̀n, láì dárúkọ rẹ̀. Ẹ má sì fi ẹ̀yà tàbí ẹ̀sìn àwọn ẹlòmíràn ṣe aṣọ ẹ̀fẹ̀, ẹ má sì kun ara yín láti jọ ẹ̀yà mìíràn.

Ẹ fi aṣọ náà jó nínú yàrá

Ìgbésẹ̀ yìí ni mo ka sí jù. Ẹ má kàn dúró níwájú dígí. Ẹ na ọwọ́ méjèèjì sókè: bí ẹ̀wù bá ká tí ikùn hàn, ẹ wọ síńgílẹ́ẹ̀tì gígùn sábẹ́, kí ẹ ki ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ inú ṣòkòtò. Ẹ lóṣòó, ẹ dìde. Ẹ yí po kíákíá: bí síkẹ́ẹ̀tì bá fò, ṣòkòtò péńpé á bọ́ sábẹ́ rẹ̀. Etí aṣọ kò gbọdọ̀ gbálẹ̀, torí ẹni tí ẹ jọ ń jó ló máa tẹ̀ ẹ́. Ìlẹ̀kẹ̀ gígùn máa ń fò gbá ojú ẹlòmíràn. Ẹ ta á ní kókó níbi àyà. Níbi tí aṣọ bá ti tú, ẹ lo píìnnì tó ní ìdérí, ẹ gún un gba ojú rírán láti inú, níbi tí aṣọ ti nípọn, kó má baà ya.

Bàtà tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ awọ máa ń yọ̀ díẹ̀, ó sì dára fún yíyí. Rọ́bà tó nípọn máa ń di ilẹ̀ mú: ara á yí, ẹsẹ̀ ò ní yí, orúnkún á wá jẹ ìyà rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ bàtà gogoro, kí gìgísẹ̀ rẹ̀ kúrú kó sì fẹ̀. Bàtà tuntun, ẹ ti máa wọ̀ ọ́ rìn nínú ilé ṣáájú.

Ẹ kọ́ ìgbésẹ̀ kan tàbí méjì

Ẹ pé jọ lọ́jọ́ kan kí ẹ fi ìdánrawò ṣeré. Ijó Charleston gbòde ní Amẹ́ríkà láàárín àwọn ọdún 1920, ìpìlẹ̀ rẹ̀ kò sì le: ẹ gbé ẹsẹ̀ òsì síwájú, ẹ ju ẹsẹ̀ ọ̀tún síwájú, ẹ gbé ọ̀tún náà padà sẹ́yìn, ẹ fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ òsì kan ilẹ̀ lẹ́yìn. Ẹ tún un ṣe. Tó bá jẹ́ ijó square dance, èèyàn mẹ́jọ, ní méjì méjì, ló ń dúró ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin onígun mẹ́rin, olùdarí á sì máa ké ohun tí wọ́n máa ṣe. Bó bá ní "do-si-do", ẹ̀yin àti ẹni tí ẹ kọjú síra á kọjá lára èjìká ọ̀tún ara yín, ẹ ó kẹ̀yìn síra, ẹ ó sì fẹ̀yìn rìn padà sí ààyè yín. Olùdarí yẹn máa ń mú kó rọrùn fún ẹni tó ń tijú, torí kò sí ẹni tó ń ronú ohun tó kàn.

Nígbà tí ẹ bá débẹ̀

Ẹ má dúró sí agbo tiyín nìkan. Ẹ pàrọ̀ ẹni tí ẹ ń bá jó lẹ́yìn orin kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì máa wo ìjókòó ẹ̀gbẹ́ ògiri. Bí ẹ bá rí ẹni tó dá jókòó, ẹ bi í pé, "Ṣé ká jọ jó eléyìí?" Bó bá ní rárá, ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ má bi í ní ìdí. Ẹ máa mu omi.

Kí ẹ tó kúrò nílé lẹ ti gbọ́dọ̀ mọ ẹni tí yóò wa ọkọ̀ padà àti ẹni tí kò ní dá lọ sílé. Aṣọ tí ẹ yá, ẹ yọ gbogbo píìnnì ara rẹ̀, ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ dá a padà láàárín ọ̀sẹ̀ náà.