Láti Àjàṣẹ́ Dé Kétu, Yorùbá Nìkan Ni Mo Sọ

Kí n tó kúrò nílé ni mo ti pinnu pé mi ò ní fi èdè Faransé tọrọ ohunkóhun ní Benin. Mo fẹ́ fojú ara mi rí i bóyá èdè tí ìyá mi kọ́ mi á gbé mi láti Àjàṣẹ́, tí ìjọba ń pè ní Porto-Novo, dé Kétu, kí n rí oúnjẹ jẹ, kí n rí ibi sùn, kí n má sì ṣìnà. Ó gbé mi débẹ̀. Bí mo ṣe rìn ín nìyí.

Ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ ni mo gbà wọlé. Mo pààrọ̀ náírà sí sẹ́fà, mo wọkọ̀, ó parí.

Àjàṣẹ́ ni olú-ìlú, àmọ́ kò ní ariwo Kùtọnu. Ègùn lẹ máa gbọ́ jù lẹ́nu àwọn èèyàn. Nínú ọjà, ẹ kàn rọra kúnlẹ̀, kí ẹ ní, "Ẹ kú ọjà o, ìyá mi." Bí ìyá náà kò bá gbọ́ Yorùbá, ẹni tó jókòó tì í á gbọ́. Kí n tó béèrè iye ọjà, wọ́n á ti bi mí pé ọmọ ibo ni mí, wọ́n á sì béèrè àwọn ará ilé. Ẹni tó bá ń kánjú kò ní gbádùn ìlú yẹn.

Ìyá olóúnjẹ kan tó jẹ́ ọmọ Ṣàkẹ́tẹ́ gbà kí n dúró ti òun nídìí ìkòkò àmìwò, òkèlè àgbàdo wọn. Ó fi epo pupa din tòmátì, àlùbọ́sà àti ata, ó da omi adìẹ bíbọ̀ sí i, ó bu díẹ̀ pamọ́. Lẹ́yìn náà ló da ìyẹ̀fun àgbàdo tó ti fi omi pò sínú ìyókù, ó sì ń rò ó títí tó fi dán, tí kò lẹ̀ mọ́ ìkòkò mọ́. Adìẹ díndín ló fi lé e, pẹ̀lú àlùbọ́sà tútù àti ata gígún. Òkèlè tí ọbẹ̀ ti wà nínú rẹ̀ kó tó dórí àwo! Mo jẹ ẹ́, mo bu kún un. Nígbà tí mo fẹ́ sanwó, ó ní, "Ọmọ mi, owó adìẹ nìkan ni kí o san. Àlejò kì í san èyí tó kù."

Ẹ má ṣe kúrò níbẹ̀ láì wo mọ́ṣáláṣí àtijọ́. Àwọn Àgùdà, ìyẹn ìran àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brazil tí wọ́n sì padà wálé, ló kọ́ ọ láàárín 1912 sí 1935. Ojú rẹ̀ jọ ti ṣọ́ọ̀ṣì Bahia ní Brazil gan-an. Mo dúró síbẹ̀ pẹ́, torí mo mọ̀ pé Kétu ni wọ́n fi ń pe ẹgbẹ́ òrìṣà kan ní Bahia títí dòní.

Ilẹ̀ mọ́, a fún ara wa mọ́ ẹ̀yìn takisí. Ṣàkẹ́tẹ́, lẹ́yìn náà Pọ́bẹ̀: ilẹ̀ pupa, ọ̀pẹ lọ́tùn-ún lósì, ìgò epo bẹntiróòlù lórí àtẹ lẹ́bàá ọ̀nà. Yorùbá ni gbogbo ọkọ̀ ń sọ.

Ní Kétu, mo lọ sí Àkàbà Ìdẹ̀nà, ẹnubodè alámọ̀ ìlú àtijọ́. Bàbá tó mú mi yí ibẹ̀ ká ní kí n kọ́kọ́ wo yàrà tó yí ìlú ká, nítorí ẹni tí kò rí yàrà kò lè mọ iṣẹ́ tí ilẹ̀kùn ń ṣe. Òótọ́ ni. Ìtàn ìlú sọ pé Aláketu Sà ló kọ́ ọ. Ní 1886, àwọn ọmọ ogun Dàhómì lábẹ́ Glèlè ọba wọn dó ti Kétu títí ìyàn fi mú, wọ́n run ún, wọ́n sì kó àwọn èèyàn rẹ̀ lọ. Ìgbà tí Faransé ṣẹ́gun Dàhómì ni àwọn tó kù tó padà wá tún ìlú ṣe. Inú mi bàjẹ́ bí mo ṣe ń gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n bí a ti ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, àwọn ọmọdé ń gba ẹnubodè náà kọjá bọ̀ láti iléèwé.

Wọn kò jó Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ijó oníbojú wọn, nígbà tí mo lọ, agbẹ́gilére kan ló fi ìbòjú tó ń gbẹ́ hàn mí. Ojú obìnrin tó tutù pẹ̀sẹ̀ wà nísàlẹ̀, ọkùnrin tó ń gun kẹ̀kẹ́ wà lórí rẹ̀. Ó ní àwọn ìyá ni gbogbo rẹ̀ wà fún, kí inú wọn lè dùn sí ìlú. UNESCO ti kọ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ sínú ìwé ogún àṣà tí a kò lè fọwọ́ kàn láti 2008, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àwọn ìyá ló ká agbẹ́gilére náà lára.

Ìlárá ni mo gbà padà. Ààlà Benin àti Nàìjíríà gba àárín ìlú yẹn kọjá, àwọn ẹbí kan náà ló sì wà lápá méjèèjì. Ẹni tó bá fẹ́ gba ibẹ̀, kó tètè jáde láàárọ̀, kó mú ìwé ìrìnnà rẹ̀ dání, kó sì dúnàádúrà pẹ̀lú ọlọ́kadà kó tó gùn ún. Láti ibẹ̀, ọkọ̀ Ìmẹ̀kọ wà.