Bí Mo Ṣe Kúrò ní Sítọ̀ọ̀ Bọ́ sí Ọ́fíìsì Ìràjà

Sítọ̀ọ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́, nílé iṣẹ́ kan tó ń ṣe oúnjẹ adìyẹ ní Ṣágámù. Àgbàdo, sóyà, PKC (èérún ẹyìn tí wọ́n ti fún epo àdí rẹ̀ jáde), ẹja lílọ̀: èmi ni mò ń gbà wọ́n wọlé, èmi náà ni mò ń kọ bí wọ́n ṣe ń jáde. Nígbà tí ààyè ṣí ní ọ́fíìsì tó ń ra ọjà, tí wọ́n ní kí ẹni tó bá nífẹ̀ẹ́ sí i mú CV wá, mo wá ẹni tó máa là mí lọ́yẹ̀ lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde. Ẹ̀gbọ́n obìnrin kan ni, yunifásítì tó wà ní Ìjagun ni wọ́n ti gboyè nínú ìmọ̀ ìgbaninímọ̀ràn.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́ ma, iṣẹ́ wo lẹ rí i pé ó bá mi mu?"

"Àbúrò, mi ò gbé ọ̀pẹ̀lẹ̀ wá o. Ìwọ lo máa sọ fún mi."

Wọ́n ní bó ṣe rí látìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Frank Parsons, ará Amẹ́ríkà tó dá ọ́fíìsì ìtọ́sọ́nà iṣẹ́ sílẹ̀ ní Boston lọ́dún 1908, ohun mẹ́ta ló tẹnu mọ́ nínú ìwé rẹ̀ tó jáde lọ́dún 1909: kí èèyàn mọ ara rẹ̀, kó mọ ohun tí iṣẹ́ náà ń béèrè, kó wá fi làákàyè so méjèèjì pọ̀.

Ti àkọ́kọ́ yá. Mo ṣí O*NET Interest Profiler lórí fóònù, ìdánwò orí íńtánẹ́ẹ̀tì tó ń fi irú iṣẹ́ téèyàn nífẹ̀ẹ́ sí hàn, ọ̀fẹ́ ni. Ìbéèrè 60 ló wà níbẹ̀: ṣé wàá fẹ́ máa to bíríkì, ṣé wàá fẹ́ máa ṣe oògùn tuntun jáde. Wọ́n ní kéèyàn má ro ti owó oṣù bó ṣe ń dáhùn. (Lọ́dọ̀ wa níbí, ìyẹn gan-an ló le jù nínú ìdánwò náà.) Oríṣi ìfẹ́ iṣẹ́ mẹ́fà tí John Holland, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, là sílẹ̀ ni wọ́n fi ń pín èsì, tèmi gbé àkọsílẹ̀ àti ìdúnàádúrà síwájú. Ó bá mi lára mu, àmọ́ kò ṣeé kọ sínú CV.

Ìwé àjákọ ló ṣiṣẹ́ náà. Ẹ̀gbọ́n ní kí n máa kọ nǹkan sí i ní ìrọ̀lẹ́ kí n tó kúrò níbi iṣẹ́. "Má kọ ọ́ pé o ṣiṣẹ́ kára. Kí lo ṣe, kí ló yí padà, ta ló béèrè fún un?" Níbẹ̀rẹ̀, "mo gba ẹrù" ni mo ń kọ ṣáá. Díẹ̀díẹ̀ lojú mi ń là. Lọ́jọ́ kan mo kọ ọ́ pé mo dá ọkọ̀ àgbàdo kan padà, torí omi inú àgbàdo náà lórí mítà tá a fi ń wọn ọ̀rinrin ti kọjá ìdá 13 nínú 100. Àgbàdo tó tutù kì í pẹ́ bu, májèlé aflatoxin tó ń tibẹ̀ jáde sì ń ṣe adìyẹ níjàǹbá. Ẹni tó kó o wá ṣẹ́ èpè fún mi níwájú géètì. Mo kọ ìyẹn náà sílẹ̀. Èmi tí mò ń pe ara mi ní sítọ̀ọ̀kípà lásán, owó ilé iṣẹ́ ni mò ń ṣọ́. Ó tún hàn níbẹ̀ pé èmi ni mo ní kí ẹrù tó kọ́kọ́ wọlé máa kọ́kọ́ jáde, tí sóyà ò fi bà jẹ́ mọ́ lọ́wọ́ ẹ̀yìn.

Láti mọ iṣẹ́ náà, mo lọ bá bọ̀dá kan ní ọ́fíìsì ìràjà lásìkò oúnjẹ ọ̀sán. Wọ́n fi hàn mí bí wọ́n ṣe ń gbé iye tí ọlọ́jà mẹ́ta pè wò kí wọ́n tó mú ọ̀kan. Ẹnu wọn ni mo ti gbọ́ nípa CIPSMN, ẹgbẹ́ tí òfin ọdún 2007 gbé kalẹ̀ fáwọn tó ń fi ìràjà ṣiṣẹ́ ṣe.

Nígbà tó wá kan CV, ìwé àjákọ ni mo ń wò kọ. Níbi tí "mò ń bójú tó sítọ̀ọ̀" wà tẹ́lẹ̀, mo kọ ọ́ pé mò ń yẹ àgbàdo wò kó tó wọlé, mo sì ń dá èyí tí omi rẹ̀ pọ̀ padà. Ojú ewé kan péré. Lọ́jọ́ tí wọ́n fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ àgbàdo yẹn ni ọ̀gá dì mú. Wọ́n bi mí títí, mi ò wòkè kí n tó dáhùn.

Ìràjà ni mo wà báyìí. Iye tí wọ́n ń pe àgbàdo lójoojúmọ́ ni mò ń kọ sínú ìwé tuntun. Mo sì ti wọ èésú pẹ̀lú àwọn ìyá ọlọ́bì ní Sábó, nítorí owó ìforúkọsílẹ̀ CIPSMN. Ọwọ́ kẹta ni tèmi.