Báàjì tí wọn kò kọ sínú ìwé mi

Báàjì ogun kan ni àwọn ológun Amẹ́ríkà fún mi, ṣùgbọ́n wọn kò kọ ọ́ sínú ìwé iṣẹ́ mi. Dọ́là 450 ni mo kọ́kọ́ sọ nù lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ọkùnrin kan ló gbà á lọ́wọ́ mi, ó ní iṣẹ́ òun ni láti máa bá sójà tó ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́ tún ìwé wọn ṣe. Oṣù mẹ́rin ni mo fi ń pè é, á ní kí n ṣe sùúrù. Nígbà tí mo fárígá pé kó fi ohun tó ti ṣe hàn mí, fọ́ọ̀mù kan ṣoṣo ló fi ránṣẹ́, orúkọ mi àti ọjọ́ ìbí mi nìkan ló wà lórí rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni fọ́ọ̀mù náà. Ìjọba Amẹ́ríkà kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ sójà láti tún àṣìṣe inú ìwé rẹ̀ ṣe. Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí, torí owó oúnjẹ àwọn ọmọ mi ni mo kó fún un.

Ọdún 2009 ni mo wọṣẹ́ sójà. Ètò tí wọ́n ń pè ní MAVNI ni mo bá wọlé, èyí tó gba ẹni tó wà ní Amẹ́ríkà lọ́nà tó bófin mu ṣùgbọ́n tí kò ní green card, bó bá ti gbọ́ èdè kan tí àwọn ológun nílò. Yorùbá wà lára àwọn èdè náà. Èdè tí ìyá mi fi rẹ̀ mí lẹ́kún ló gbé mi wọ bárékè, mo sì máa ń fi yangàn níbikíbi tí mo bá dé.

Awakọ̀ akẹ́rù ni mí. Oṣù Kẹta 2011 ni wọ́n kó wa lọ sí Afghanistan, oṣù Kẹta 2012 la padà. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan nínú oṣù Kẹjọ, bọ́ǹbù tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ bú lábẹ́ ọkọ̀ tó wà níwájú tèmi. Kí eruku tó wálẹ̀, ìbọn ti ń ró láti orí òkè. Àwa náà yìnbọn padà, ó tó ogójì ìṣẹ́jú kí ó tó rọlẹ̀. Ẹni mẹ́ta farapa nínú wa, kò sẹ́ni tó kú, mo dúpẹ́. Láti ọjọ́ yẹn, etí mi ọ̀tún kò gbọ́rọ̀ dáadáa mọ́. Ní oṣù Kọkànlá, kọ́nẹ́ẹ̀lì wa to àwa 14 sórí ìlà, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan báàjì mọ́ wa láyà: Combat Action Badge, tí gbogbo sójà ń pè ní CAB.

Àwọn sójà ẹlẹ́sẹ̀ ti ní báàjì ogun tiwọn láti ìgbà ogun àgbáyé kejì. Awakọ̀, mẹkáníìkì, alásè, akọ̀wé, gbogbo àwa tí ọta máa ń bá lójú ọ̀nà, kò sí tiwa títí di 2005. Ẹni tó bá gba CAB, iléeṣẹ́ ológun fúnra rẹ̀ ló ń jẹ́rìí pé ó wà níbẹ̀ nígbà tí ọ̀tá ń yìnbọn, àti pé kò sá. Ẹ wá wo ohun tó túmọ̀ sí fún mi pé kí ó má sí nínú ìwé.

Ìwé tí mò ń sọ ni DD-214, èyí tí wọ́n máa ń fún sójà ní ọjọ́ tó bá kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Àpótí 13 ni wọ́n máa ń kọ mẹ́dáàlì àti báàjì sí. Ní 2013 tí mo kúrò, ìyàwó mi wà nínú oyún oṣù mẹ́jọ, ọkọ̀ wa ti kún fún ẹrù, akọ̀wé ti ìwé sí mi ó ní kí n fọwọ́ sí i. Mo wo orúkọ mi, mo wo ọjọ́ tí mo wọṣẹ́, mo fọwọ́ sí i. N kò ka àpótí 13. Bí ó bá ku ọ̀sẹ̀ kan kí ẹ kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ẹ gba ìwé yẹn kí ẹ gbé e lọ sílé, kí ẹ jókòó, kí ẹ fi ìka tọ ọ́ lẹ́tà-lẹ́tà. Wákàtí kan tí n kò lò ní 2013 ló gba oṣù 11 lọ́wọ́ mi nígbà tó yá.

Ní 2021 ni mo béèrè owó ìrànwọ́ lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ìjọba tó ń tọ́jú àwọn sójà tó ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́, fún etí mi àti fún oorun tí kì í kùn mí mọ́. Lẹ́tà tó padà wá ní kò sí ohunkóhun nínú ìwé mi tó fi hàn pé mo jà. Mo ka gbólóhùn yẹn lẹ́ẹ̀mẹta. Òfin kan wà, 38 U.S.C. 1154(b), tó ní bí sójà bá ti kojú ọ̀tá lójú ogun, kí wọ́n gba ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ nípa bó ṣe farapa, bí ọ̀rọ̀ náà bá ti bá ibi tó wà mu, àyàfi bí ẹ̀rí tó dájú bá ta kò ó. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ hàn pé ó kojú ọ̀tá. CAB ni ì bá fi í hàn. Mo fa DD-214 yọ, mo wo àpótí 13, kò sí CAB níbẹ̀.

N kò ní fi àkókò yín ṣòfò lórí bí wọ́n ṣe ń kọ fọ́ọ̀mù tàbí bí wọ́n ṣe ń fi í ránṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ohun tí ẹ ní láti mọ̀ ni pé àwọn ológun kì í pa DD-214 rẹ́. Ìwé mìíràn, DD-215, ni wọ́n máa ń kọ láti fi ṣe àtúnṣe, àwọn méjèèjì á sì máa rìn pọ̀ láti ọjọ́ náà lọ. Mẹ́dáàlì Afghanistan mi náà ní àṣìṣe: kò ní ìràwọ̀ kankan nínú ìwé, bẹ́ẹ̀ méjì ló tọ́ sí mi, ọ̀kan fún apá ogun kọ̀ọ̀kan tí mo wà níbẹ̀. Apá ogun tí wọ́n pè ní Consolidation III parí ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà 2011, Transition I bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù Keje, mo sì wà lọ́hùn-ún nínú méjèèjì. Àpótí 18 ti kọ ọjọ́ tí mo lọ àti ọjọ́ tí mo dé, wọn kò bá mi jiyàn, wọ́n gbà.

CAB ló di wàhálà. Báàjì tí wọ́n fi orúkọ ẹni fúnni kò rí bí mẹ́dáàlì tí gbogbo ẹni tó lọ sí ilẹ̀ kan máa ń gbà. Ìwé àṣẹ gbọ́dọ̀ wà, èyí tí wọ́n ń pè ní Permanent Orders, tó ní nọ́ńbà, tó ní ọjọ́, tó sì ní orúkọ rẹ nínú. Mo fi fọ́tò ránṣẹ́, kọ́nẹ́ẹ̀lì ń kan báàjì mọ́ mi láyà, ojú mi hàn gbangba. Èsì tó wá ni pé fọ́tò kì í ṣe ìwé àṣẹ. Mo wọ inú fáìlì mi tó wà lórí kọ̀ǹpútà àwọn ológun, mo yẹ ojú ìwé kọ̀ọ̀kan wò láti àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn. Kò sí níbẹ̀. Akọ̀wé kan ní 2011 ló yẹ kó gbé e síbẹ̀, kò gbé e.

Wọ́n wá ní bí n kò bá rí ìwé àṣẹ, kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí n béèrè fún CAB bí ẹni tí kò gbà á rí. Èyí gan-an ló dùn mí jù. Wọ́n ti fún mi! Báàjì náà wà nínú dúrọ́ọ̀ mi. Kí ló dé tí n ó fi máa tọrọ ohun tí wọ́n ti fi lé mi lọ́wọ́? Mo kọ̀.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìwé náà. Bìrìgéèdì wa ti tú ká. Ní oṣù Kẹfà 2013 ni àwọn ológun kéde pé àwọn yóò dín bìrìgéèdì ajagun kù láti 45 sí 33, tiwa sì wà lára àwọn tó lọ. Ẹni tí mo bá pè á ní kí n pe ẹlòmíràn. Ẹni yẹn á fún mi ní nọ́ńbà tí kò lọ mọ́. Mo kọ wọ́n sínú ìwé kékeré kan: ìgbà 23 ni mo pè láàárín oṣù mẹ́ta. Ẹnì kan sọ fún mi lórí fóònù pé bóyá ìwé mi ti jóná nínú iná tó jó ilé ìpamọ́ ìwé ní St. Louis. Ọjọ́ 12 oṣù Keje 1973 ni iná yẹn ṣẹlẹ̀. Òótọ́ ni pé ó jó fáìlì tó tó mílíọ̀nù 16 sí 18, ṣùgbọ́n tí àwọn sójà tó kúrò lẹ́nu iṣẹ́ kí 1960 tó dé ni ó jó jù lọ. Ní 1973, wọn kò tíì bí mi. Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo jáde síta, mo dúró nínú oòrùn Houston títí ara mi fi balẹ̀.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni ìyàwó mi sọ pé, “Dádì, ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Ara yín ni mò ń rò.” Mo sọ fún un pé n kò lè fi í sílẹ̀. Bàbá bàbá mi ja ogun Bọ́mà pẹ̀lú àwọn ọmọ ogun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Ìràwọ̀ Bọ́mà tí wọ́n fún un wà nínú agolo lábẹ́ ibùsùn rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ títí ó fi kú. Nígbà tí agolo náà sọ nù, kò sí ìwé kankan tí ẹnikẹ́ni nínú ilé wa lè nawọ́ sí. Lónìí, àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń jiyàn bóyá ó tilẹ̀ lọ sógun rárá. N kò fẹ́ kí wọ́n jiyàn bẹ́ẹ̀ lórí tèmi.

Ìyàwó mi gba fọ́tò náà lọ́wọ́ mi, ó wò ó, ó ní, “Àwọn tó dúró tì yín yìí ńkọ́? Ṣé ìwé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n kọ fún wọn ni?”

Ọ̀rọ̀ yẹn ló ṣí ọ̀nà. Ìwé àṣẹ kan ṣoṣo ni wọ́n sábà máa ń kọ fún gbogbo àwọn tí wọ́n bá jọ gba báàjì lọ́jọ́ kan. Bí ó bá wà nínú fáìlì ẹnì kan nínú àwa 14, orúkọ mi wà níbẹ̀. Mo ti ń wá ìwé láti oṣù mélòó kan wá, èèyàn ni ó yẹ kí n wá. Ká ní mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ kìíní ni, ọ̀sẹ̀ méjì ni ì bá gbà mí. Mo wá wọn lórí Facebook, mo rí mẹ́fà. Mẹ́rin dá mi lóhùn. Ọ̀kan nínú wọn, obìnrin ará Puerto Rico tó máa ń wa ọkọ̀ kejì sí tèmi, rí ìwé náà nínú fáìlì tirẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ kan náà, ó sì fi ránṣẹ́. Mo rí nọ́ńbà ìwé àṣẹ, mo rí ọjọ́ rẹ̀, omi bọ́ lójú mi.

Ṣùgbọ́n wọn kò kọ orúkọ mi dáadáa. Wọ́n ti yọ lẹ́tà méjì kúrò nínú orúkọ bàbá mi, wọ́n sì fi í sí ibi tí orúkọ tèmi yẹ kó wà. Mo fi ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn náà ni èsì dé pé ẹni tó wà nínú ìwé àṣẹ kì í ṣe ẹni tó ń béèrè. Gbogbo ẹni tó bá ń jẹ́ orúkọ Yorùbá lẹ́nu iṣẹ́ yìí mọ ohun tí mò ń sọ. Láti ọjọ́ tí a ti ń kọ́ṣẹ́ ni wọ́n ti ń gé orúkọ wa kúrú, a ń dákẹ́, a ní kò burú. Ó burú. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ dáadáa ní gbogbo ìgbà, bí ó tilẹ̀ gba pé kí ẹ dúró tì wọ́n.

Ohun tó yọ mí ni nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn nínú Social Security mi, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí ìjọba Amẹ́ríkà fún mi, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ tí wọ́n kọ ní ìkọkúkọ yẹn. Mo fi èyí hàn wọ́n, mo so ìwé ọmọ-ìlú mi mọ́ ọn, mo sì ní kí méjì nínú àwọn tí a jọ wà níbẹ̀ kọ ẹ̀rí tí wọ́n búra sí lórí fọ́ọ̀mù DA 2823, pé èmi ni ẹni náà. Ẹ̀dà ni mo fi ránṣẹ́, n kì í fi ojúlówó ránṣẹ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ká ní wọ́n tún kọ̀, ìgbìmọ̀ tó ń ṣàtúnṣe ìwé àwọn sójà ni ó kù, pẹ̀lú fọ́ọ̀mù DD-149. Ọdún mẹ́ta ni òfin fúnni láti ìgbà tí ẹ bá ti rí àṣìṣe náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n lè foríji ẹni tó bá pẹ́. Ẹ má sáré lọ síbẹ̀ o. Ẹni tí kò bá tíì gba àwọn ọ̀nà tó wà nísàlẹ̀, wọ́n á dá a padà, ẹni tí wọ́n bá sì gbà, ó lè dúró fún oṣù mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Èmi kò dé ọ̀dọ̀ wọn. DD-215 mi dé ní ọjọ́ Tọ́sìdeè kan, ojú ìwé kan ṣoṣo. Ó ní kí wọ́n fi ìràwọ̀ méjì àti Combat Action Badge kún àpótí 13. Mo gbé òun àti DD-214 lọ sí ọ́fíìsì akọ̀wé káúntì, wọ́n forúkọ wọn sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ bí òfin Texas ṣe ní kí wọ́n ṣe é. Mo fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí àbúrò mi ní Ògbómọ̀ṣọ́. Mo ti tún béèrè owó ìrànwọ́ náà, ó wà lọ́wọ́ wọn.

Lẹ́yìn náà ni mo pe ará Puerto Rico yẹn láti dúpẹ́, mo ní kó ṣí DD-214 tirẹ̀, kó ka àpótí 13 fún mi. Ó kà á. Ó dákẹ́, ó tún un kà. CAB kò sí níbẹ̀. Mo ti bi mẹ́sàn-án nínú àwa 14 báyìí, mẹ́rin ni kò ní in. Ìwé àṣẹ wà lọ́wọ́ mi, a ti bẹ̀rẹ̀ tiwọn.